Ta Ló Tò Sẹ́yìn Ẹyẹ?

Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé tí Déolú ń gbé, ìwé tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀, ó fẹ̀ ju gbogbo Agége lọ. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹṣin, 437. Ẹyẹ, 1.

Déolú kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó rò pé bóyá bírò ló tán lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, kó tó kọ òdo méjì tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀kan yẹn. Ó wo ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ ẹ̀. Ìlà náà gùn gbọọrọ, ó sì pọ́n dáadáa. Bírò ò tán.

Oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1990 ni. Àwọn sójà tó ń ṣèjọba ti dá ẹgbẹ́ méjì péré sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, bíi bàbá tó bí ogún ọmọ, tó wá ra bàtà méjì fún wọn pé kí wọ́n pín in. Ẹgbẹ́ kan ní àwòrán ẹṣin, èkejì ní àwòrán ẹyẹ idì. Wọn ò gbé àpótí ìbò jáde, kò sì sí ìwé tí èèyàn ń tẹ̀ka sí. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á gbé pósítà méjèèjì dúró níta gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ ẹṣin á tò sẹ́yìn ẹṣin, ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ á tò sẹ́yìn ẹyẹ, ọ́físà á wá máa kà wọ́n lórí ìdúró. Gbogbo ayé ló ń rí ẹ. Bó o bá dìbò láàárọ̀, àna ẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ ìwé pupa yẹn kan Déolú ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun gan-an ni ẹyẹ. Òun ni olùdíje fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn lábẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹnu ẹ̀ sì dùn débi pé bó bá sọ̀rọ̀ sétí rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti kú, rédíò náà á ké.

Fákítìrì òwú kan ní Ọ̀gbà ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣíìfù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, ẹ̀rọ ò sinmi lọ́sàn-án lóru. Ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń pè ní SAP dé, tí gbogbo nǹkan wọ́n, ṣíìfù mẹ́ta di ọ̀kan. Wọ́n ní kí Déolú àti ogójì èèyàn mìíràn lọ jókòó sílé, pé àwọn á kọ lẹ́tà sí wọn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Lẹ́tà yẹn ì bá ti rìn dé Mẹ́kà kó padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nǹkan kan wà tí Déolú ò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa jíjókòó sílé yẹn. Àárọ̀ ló ń pa á lára. Aago márùn-ún àbọ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń jáde lọ sí fákítìrì, ẹsẹ̀ á máa dún wọ́ọ́wọ́ọ́ lójú títì bí òjò, wọ́n á máa pe ara wọn lórúkọ, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Òun á dùbúlẹ̀, á máa fetí kà wọ́n títí ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn á fi kọjá. Lẹ́yìn náà, àdúgbò á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi tìmùtìmù bò lójú. Ìyẹn gan-an ló gbé e dé ìdí òṣèlú. Kì í ṣe pé ó mọ iṣẹ́ tí kánsẹ́lọ̀ ń ṣe. Ó kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn tún dúró ti òun.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀ pọ̀ débi pé tí wọ́n bá tò, wọ́n á yí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ká lẹ́ẹ̀méjì, ẹni tó gbẹ̀yìn á sì tún máa wá àyè. Ó wá lọ sí ti ẹlẹ́yẹ. Kò sẹ́ni tó ń du ipò kankan níbẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó, wọ́n bi í lórúkọ, ó sọ ọ́, ó di olùdíje. Gààrí tí ẹnì kan rẹ sínú ife nígbà tó wọlé ò tíì wú nígbà tó jáde.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní òpópónà Àdúbí tó ń gbé, ní Ìfakọ̀. Kò síbi tí wọn ò ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n á fún un lága, wọ́n á fún un lómi tútù, wọ́n á ní, "Àṣé ọmọ wa ti dàgbà tó báyìí. A ti gbọ́. Ọlọ́run á gbé ẹ débẹ̀." Òun á ní, "Àmín." Wọ́n á tún gbàdúrà mìíràn tó gùn ju ti àkọ́kọ́. Ní àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó máa wo àlejò lójú kó sọ fún un pé òun ò ṣe. Ìwà ọmọlúàbí ò gbà á. Déolú mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, òun náà á máa ṣe é fún àwọn tó ń ta bíbélì àti àwọn tó ń ta oògùn eku. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan òun, ó gbàgbé. Gbogbo àdúrà ló ń kà sí ìbò. Àmín kan, ìbò kan.

Ó wá bá Kazeem, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ó ní, "Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló wà lọ́wọ́ mi ní òpópónà yìí nìkan."

"Ẹgbẹ̀rin?" Kazeem ní. "Àdúbí níbí? Gbogbo wa ò tó ẹgbẹ̀ta, pẹ̀lú ewúrẹ́."

"Àwọn tó máa wá kí wa lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó dáa. Èmi náà wà níbẹ̀, kọ mí mọ́ ọn. Ṣé wàá fún mi ní mọ́tò tó o bá wọlé?"

"Mọ́tò kẹ̀? Bàálù ni màá fún ẹ."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn kó tó di Sátidé tí ìwé pupa wà lára ògiri.

Bí Déolú ṣe ń kà á lẹ́ẹ̀keje, Kazeem yọ sí i lẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹnu sí i létí.

"Bọ̀bọ́, èmi ni o."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ọ̀kan yẹn. Èmi ni. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn pa mí, ṣùgbọ́n mo ní ó di dandan."

Déolú dì mọ́ ọn. Ara ẹ̀ fúyẹ́ débi pé ká ní afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀ ni, ìdí rélùwéè ni wọn ì bá ti lọ mú un. Ìbò ti lọ lóòótọ́, ẹlẹ́ṣin ti wọlé ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ó ní ẹnì kan. Èèyàn kan ti dúró síta gbangba lójú irinwó èèyàn ó lé, nítorí tiẹ̀. Nígbà tó fi máa wọ yàrá, ó ti ń fi ọwọ́ nu ojú.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Ìyá Nusrat, onílé wọn, kan ilẹ̀kùn. Ó gbé àwo ìrẹsì kan dání, ẹran méjì wà lórí ẹ̀.

"Ọmọ mi, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀. Orúnkún mi ṣì ń ro mí báyìí."

Déolú wo Kazeem. Kazeem ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka ìṣó ibẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," Déolú ní.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, Bọ́látitó tó ń gẹrun lójúde wọn ti pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ni, pé ọ́físà tiẹ̀ bọ òun lọ́wọ́ fún ìwà akin tóun hù. Àwọn tọkọtaya kan ní ojúlé kẹsàn-án jọ wá, ọkọ ní òun ni, ìyàwó ní òun ni, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn méjèèjì ni. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ti di mọ́kànlá. Tó fi máa di Túsìdeè, wọ́n ti di mọ́kàndínlógún. Ìbò ọ̀kan ṣoṣo yẹn wá lọ́pọ̀ èèyàn nínú ju ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìdó láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Èèyàn mìíràn ì bá kó wọn jọ, kó ní kí wọ́n wí tẹnu wọn. Déolú ò lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó wà níkùn tiẹ̀ náà ò mọ́.

Òpópónà Àdúbí kọ́ ló ti dìbò. Ìdí rélùwéè ló ti forúkọ sílẹ̀, ní òdì kejì wọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n so pósítà ẹṣin mọ́ òpó àsíá, wọ́n kan ti ẹyẹ mọ́ ara igi fúrúùtù kan ní ìkángun pápá, àwòrán Déolú wà lábẹ́ ẹyẹ náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní gbogbo Aláúsá kó máa kó lọ. Ẹni tó yẹ kó ṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀ ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa tò, ìlà ẹṣin gùn láti ìdí òpó títí dé ẹnu géètì, ó yí po, ó tún padà wá. Ìdí igi fúrúùtù, Déolú nìkan ni. Òun àti fótò ẹ̀.

Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó jọ oṣù mẹ́wàá lójú ẹ̀. Nínú àwọn tó tò sẹ́yìn ẹṣin, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní fákítìrì òwú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní aago márùn-ún àbọ̀. Bàbá Dàwódù, fọ́mànì ẹ̀ àtijọ́, wá gbé ọwọ́ sókè láti àárín wọn.

"Déolú. Kí lò ń ṣe níbẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà ní kó dúró síta kíláàsì? Wá síbí jàre. Àyè wà níwájú mi."

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló lọ, òun ò rán an. Wọ́n pariwo, wọ́n fi orin gbà á, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé e léjìká, ẹnì kan fún un ní ẹ̀pà. Nígbà tí ọ́físà kà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, igba ó lé méjìlá ni nọ́ńbà ẹ̀. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé kò burú, pé ibẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, pé òpópónà Àdúbí á fún òun ní ẹgbẹ̀rin. Ẹyẹ ní iléèwé yẹn: òdo. Fótò ẹ̀ nìkan ló kù sára igi.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ẹni náà. Ó ń wù ú bí omi ṣe ń wu aláàwẹ̀. Ó rò pé tóun bá lè rí ẹni tó ṣe é lóòótọ́, tóun jókòó tì í díẹ̀, nǹkan kan á tò nínú òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ó lọ bá Morẹ́nikẹ́, tíṣà kan ará Òǹdó tó ń gbé ní òdìkejì títì. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ́físà ìbò ní òpópónà náà, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé pupa yẹn. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Déolú wọlé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kà wọ́n. Ta ni?"

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo gbọ́ pé wọ́n ti pọ̀."

"Mọ́kàndínlógún."

"Bọ̀dá Déolú, Kazeem yín ni ẹni kẹrin lórí ìlà ẹṣin. Òun ló tiẹ̀ ń dá orin. Ìyá Nusrat jókòó ni, wọ́n gbé àga fún wọn, mo kà wọ́n mọ́ ẹṣin lórí àga." Ó fi bírò sílẹ̀. "Bàbá tó ń tún sítóòfù ṣe ni. Bàbá Jóòbù, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé yín."

Déolú ti ń gbé ilé yẹn fún ọdún kan, kò wọ yàrá yẹn rí. Nígbà tó ń lọ ojúlé dé ojúlé, ó kọjá níwájú ẹ̀, ó rí i tó fajú ro, ó ní èyí ò lè dìbò fún èèyàn, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n dé," Morẹ́nikẹ́ ní. "Wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ẹyẹ, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí mo fi kà wọ́n lẹ́yìn aago méjìlá. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, bàbá ò yíjú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní 'ọ̀kan,' mo wá dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan á ṣàánú kó bá wọn níbẹ̀. Bàbá ní, 'Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Kò sí ẹlòmíràn.'"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Déolú ra búrẹ́dì ńlá kan, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó ti fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ dánra wò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Yàrá náà kéré, sítóòfù kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, èyí tó ti dípẹtà, èyí tí ò ní ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀. Láyé SAP, kò sẹ́ni tó ń ra tuntun. Bàbá Jóòbù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ẹ̀mú fa òwú sínú ọ̀kan.

"Ẹ káàsán, sà."

"Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ó di Fúráìdeè."

"Mi ò gbé sítóòfù wá, bàbá. Èmi ni Déolú."

"Déolú wo?"

"Olùdíje. Èmi lẹ dìbò fún lọ́jọ́ Sátidé."

Bàbá náà gbójú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò dìbò fún ẹ. Ẹyẹ ni mo tò sẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fi síbẹ̀."

"Ẹ ò rí fótò mi?"

"Ojú mi ò dá tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi sítóòfù tó ti jò sábẹ́ ẹyẹ yẹn, màá tò sẹ́yìn ẹ̀. Jókòó. Gbé ìyẹn sápá kan kó o jókòó."

Déolú gbé sítóòfù kan kúrò, ó jókòó sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó wá ti fò lọ.

"Kí ló wá dé, sà? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyẹ?"

Bàbá Jóòbù fa òwú náà dé ibi tó fẹ́, ó gé orí ẹ̀.

"Mo kọ́ ilé kan rí, ní ìlú wa ní Èkìtì. Yàrá mẹ́fà, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì. Ìgbà ìbò 1983, gbogbo ìlú wà níbì kan, èmi wà níbì kejì. Ẹgbẹ́ tí wọn ò fẹ́ ni mo wà. Mi ò jalè, mi ò pààyàn, mo kàn wà níbẹ̀ ni. Wọ́n da epo sí ilé náà, wọ́n ṣáná sí i."

"Ta ni, sà?"

"Àwọn tá a jọ ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí òwú ń tà. "Ìyàwó mi ní kí n jáde sí gbangba kí n ní mo ti yí padà, kí wọ́n lè jẹ́ ká tún un kọ́. Mi ò lọ. Òun ò bá mi wá Èkó. Kò pẹ́, àwọn sójà dé, wọ́n ní kò sí ẹgbẹ́ kankan mọ́. Ṣé o rí i? Ilé mi ti jó nítorí nǹkan tí ò sí mọ́. Ọdún méje nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n wá gbé ẹyẹ yìí jáde, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé àwọn èèyàn wa àtijọ́ ló kó síbẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Mo ní ó dáa, mo tún ní ibi tí mo lè dúró sí."

Ó gbé sítóòfù mìíràn sórí itan.

"Ní ibi tí ìwọ ti tò, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

Déolú ti lanu, òtítọ́ ti dé ọ̀fun ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń sọ òdo di nǹkan.

"Méje," ó ní, "ní ìdí rélùwéè."

Ẹ̀mú dúró lọ́wọ́ bàbá náà.

"Méje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ò dá wà níbẹ̀ nígbà yẹn." Ojú tó ti dì pọ̀ látọdún tó ti débẹ̀ wá tú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń tú ìdì aṣọ. "Méje. Ní Ìfakọ̀ níbí. Ṣé ará Èkìtì wà nínú wọn?"

"Ọ̀kan," Déolú ní. "Bàbá àgbà kan."

"Ará ibo?"

"Mi ò bi wọ́n, sà."

"Ó yẹ kó o bi wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí n mọ̀ wọ́n." Ó ti dìde. Ó ń wo yàrá ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé débẹ̀. "Ṣé wọ́n lè wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Tàbí kó o mú mi lọ bá wọn. Mo lè rìn dé ìdí rélùwéè, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Rárá, jẹ́ kí wọ́n wá. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti wá kí mi láìgbé sítóòfù dání." Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdọ̀tí irin kúrò nílẹ̀. "Bẹ́ǹṣì yìí gba mẹ́ta. Ìwọ náà á wà níbẹ̀. A ò ní rí ibi jókòó sí. Jẹ́ kí n lọ yá bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ Ìyá Nusrat."

Bàbá Jóòbù tí kì í bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà ẹ̀.

"Bàbá," Déolú ní, "ẹ má lọ."

"Kò ní kọ̀ fún mi. Ó mọ̀ pé mi ò yá nǹkan rí."

"Kò sí méje, sà."

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà, èkejì wà nílẹ̀.

"Mélòó ni?"

"Kò sí ẹnì kankan. Òdo ni. Èmi náà ò sí níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúró, èmi nìkan, ọ̀gá mi àtijọ́ wá pè mí láti orí ìlà ẹṣin, mo sì lọ. Wọ́n kà mí mọ́ ẹṣin."

Lójúde, Bọ́látitó ń bá ẹni tó ń gẹrun fún ṣàwàdà, ẹ̀rín wọn ń wọ ibẹ̀ wá láti orí fẹ́ǹsì. Bàbá Jóòbù jókòó. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan yẹn.

"Báwo ló ṣe rí lára ẹ nígbà tó o débẹ̀?" ó bi í. "Lórí ìlà yẹn."

Ìbínú ni Déolú ń retí. Èyí ò bá a nílé. "Ó dùn mọ́ mi, sà," ó ní. "Wọ́n ń kọrin. Ẹnì kan gbé ọwọ́ lé mi léjìká."

Bàbá náà mi orí. "Àwọn tibí náà kọrin. Orin tó dáa ni."

Ó fi ẹsẹ̀ ti bàtà méjèèjì sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Mi ò bínú sí ẹ," Bàbá Jóòbù ní. "Ẹgbẹ́ kọ́ lò ń wá. Èèyàn lò ń wá. Bí ọ̀pọ̀ wọn tó wà níbẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, wọn ò jẹ́ mọ ẹṣin tó bá rìn kọjá lójú wọn. Ṣùgbọ́n o ò bá má ti sọ méje yẹn. Mo ti kà á mọ́ ara mi. Mo ní a ti di mẹ́jọ."

Déolú dìde kúrò nílẹ̀ tó jókòó sí.

Bàbá náà tún mú ìgbálẹ̀. Ìdajì yàrá ló ti gbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi í sí. Nígbà tó dé ìdí àwọn sítóòfù, Déolú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn kúrò lọ́nà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn padà bí ibẹ̀ bá ti mọ́. Wọ́n ṣe é títí dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, bẹ́ǹṣì sì wà láàárín ẹ̀.

"Ó ti tó," Bàbá Jóòbù ní. Ó mú ẹ̀mú, ó jókòó sídìí sítóòfù tó ń tún ṣe. Kò ní kí Déolú padà wá, kò sì ní kó má wá. Déolú gbé búrẹ́dì sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó sì jáde.